Etíkun Èkó gẹ́gẹ́ bí Ìwé Ìtàn: Àyẹ̀wò Àwọn Ibi-Àbẹ̀wò láti Àgbádárìgì dé Ẹ̀pẹ́

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó máa ń lọ sí etíkun Èkó láti gbafẹ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ni ó máa ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ìtàn tí wọ́n sọ fún un níbẹ̀ bá ẹ̀rí mu. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ àwọn ibi-àbẹ̀wò pàtàkì wò ní Àgbádárìgì, ní Erékùṣù Èkó àti ní Ẹ̀pẹ́. Ó fi ohun tí ilé àti òpó ìrántí ń sọ wé ohun tí àkọsílẹ̀ àti àrọ́bá ń sọ. Ohun méjì ni àyẹ̀wò náà gbé jáde. Àkọ́kọ́ ni pé ìtàn kan ṣoṣo ni àwọn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí jọ ń sọ láàrin ọdún 1845 sí 1862, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń fi wọ́n han àlejò. Èkejì ni pé Erékùṣù Èkó, níbi tí wọ́n ti kó ẹrú lọ jù lọ, ni ohun ìrántí òwò ẹrú ti kéré jù lọ. Àpilẹ̀kọ náà parí pẹ̀lú àbá lórí bí olùkọ́ ṣe lè lo àwọn ibi wọ̀nyí láti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn.

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òwe yìí ni ìdí tí àwọn olùkọ́ fi máa ń kó akẹ́kọ̀ọ́ jáde nínú kíláàsì lọ wo ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú nìkan kò tó fún ìtàn. Ẹni tí ó bá rí ilé kan láìmọ ẹni tí ó kọ́ ọ àti ìdí tí ó fi kọ́ ọ, bíríkì àti páànù lásán ni ó rí. Ẹni tí ó bá sì gba gbogbo ohun tí afinimọ̀nà sọ láìyẹ̀ ẹ́ wò, àgbọ́sọ ni ó gbà kì í ṣe ìtàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lónìí ju bí ó ti kan àwọn tí ó ṣáájú wọn lọ. Ní sáà ẹ̀kọ́ 2009/2010 ni wọ́n yọ Ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó dá dúró nínú ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọdún 2018 ni Ìjọba Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí ó padà. Èyí túmọ̀ sí pé púpọ̀ nínú àwọn tí wọn yóò máa kọ́ ọmọdé ní ìtàn lọ́la ni kò kọ́ ọ rí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ nígbà tí àwọn fúnra wọn wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Etíkun Èkó lè dí àlàfo náà, nítorí pé ìwé ìtàn tí ó ṣí sílẹ̀ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ojú ewé kan ti fàya nínú rẹ̀.

Láti ẹnu ààlà Orílẹ̀-èdè Benin ní ìwọ̀-oòrùn ni etíkun yìí ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gba iwájú erékùṣù kọjá lọ sí apá Lẹ́kí àti Ẹ̀pẹ́ ní ìlà-oòrùn. Iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó pààlà sáàárín òkun àti ọ̀sà. Ọ̀sà ni ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà láti ìlú kan dé èkejì kí títì tó dé, òun ni ó sì so àwọn ìlú etí omi pọ̀. Èdè Ẹdó ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé orúkọ Èkó ti wá, tí ó túmọ̀ sí àgọ́. Àwọn Pọtogí ní tiwọn wo omi tí ó yí ibẹ̀ ká, orúkọ omi náà ni wọ́n sì fi pe ilẹ̀ náà: Lagos.

2. Àgbádárìgì: ẹnu ọ̀nà àjò àti ẹnu ọ̀nà ẹ̀kọ́

Àgbádárìgì, ìlú àwọn Ègùn, ni àlejò máa ń kọ́kọ́ yà sí bí ó bá ń wá ìtàn òwò ẹrú. Ọjà ẹrú Vlekete wà níbẹ̀. Ilé Mobee tí wọ́n kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ pamọ́ sí wà níbẹ̀. Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Àgbádárìgì náà wà níbẹ̀, nínú ilé tí àwọn aláṣẹ amúnisìn kọ́ ní ọdún 1863, tí wọ́n sì sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 2002. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà yóò gúnlẹ̀ sí erékùṣù Gbẹ́rẹ̀fú. Láti ibẹ̀ ni yóò ti fi ẹsẹ̀ rin ojú ọ̀nà oníyanrìn títí dé etí òkun, níbi tí wọ́n mọ òpó méjì sí láti fi hàn pé ẹrú tí ó bá dé ibẹ̀ kò tún padà mọ́. Kànga kan wà lójú ọ̀nà náà tí àrọ́bá sọ pé wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé.

Ìrìn náà máa ń wọ ènìyàn lára. Síbẹ̀, ó yẹ kí olùkọ́ ya ohun tí ó dájú sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n ń sọ. Àpẹẹrẹ kan ni ọdún 1502 tí wọ́n máa ń dá fún ìbẹ̀rẹ̀ ọjà Vlekete. Àkọsílẹ̀ àwọn oníṣòwò Yúróòpù fi hàn pé láàrin àwọn ọdún 1730 ni Àgbádárìgì ṣẹ̀ṣẹ̀ di èbúté pàtàkì fún òwò ẹrú. Hendrik Hertogh, oníṣòwò ará Nẹ́dálándì, ni ó kó òwò rẹ̀ wá síbẹ̀ nígbà náà. Ó ju igba ọdún lọ tí ó wà láàrin ọdún méjèèjì. Bí olùkọ́ bá kọ́ ọmọ pé 1502 ni, ọmọ náà yóò rò pé ohun tí ó wà ní Àgbádárìgì ní ọdún 1830 kò yàtọ̀ sí ohun tí ó wà níbẹ̀ ní ọdún méjì-dín-lọ́gbọ̀n-lé-lọ́ọ̀ọ́dúnrún sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ òwò náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní ìdàgbàsókè, ó sì ní àwọn tí ó mú un dàgbà.

Ilé Ṣẹ̀ríkí Williams Abass ni ó fi àwọn tí ó mú un dàgbà hàn jù lọ. Yàrá kéékèèké tí wọ́n ń kó ẹrú sí ni wọ́n ń fi han àlejò níbẹ̀; ogójì ni wọ́n sì sọ pé wọ́n jẹ́ nígbà kan. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìdílé náà ti wí, ọmọ Yorùbá láti agbègbè Ìlaròó ni Abass, wọ́n kó òun fúnra rẹ̀ lẹ́rú nígbà tí ó wà ní kékeré, ó dé Bràsíìlì, ó padà wálé, ó sì di oníṣòwò ńlá tí ó ní ẹrú tirẹ̀. Lábẹ́ ìjọba amúnisìn, ó di olóyè tí àṣẹ rẹ̀ gbòòrò kí ó tó kú ní ọdún 1919. Ìtàn ọkùnrin yìí kò rọrùn láti sọ fún ọmọdé, nítorí kò fi àyè sílẹ̀ fún èrò pé àjèjì nìkan ni ó jẹ̀bi, tàbí pé ẹni tí ìyà jẹ kò lè fi ìyà jẹ ẹlòmíràn. Ìdí gan-an nìyí tí ó fi yẹ kí olùkọ́ sọ ọ́.

Apá kejì ìtàn Àgbádárìgì ni ti ẹ̀sìn àti ẹ̀kọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, dé ìlú náà tí ó sì wàásù lábẹ́ igi Àgíà. Igi náà wó ní ọdún 1959. Òpó ìrántí ni ó dúró sí ipò rẹ̀ báyìí. Kò jìnnà síbẹ̀ ni ilé alájà tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà. Ohun tí wọ́n kọ sára ilé náà ni pé wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1845.

Ó dára kí olùkọ́ fi ọdún méjèèjì yìí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀rí. Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. tí wọ́n máa ń so ìpìlẹ̀ náà mọ́ kò dé Àgbádárìgì títí di oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1842. Nígbà tí oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1843 bẹ̀rẹ̀, ó ti wà ní Abẹ́òkúta. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1845 ni òun, C. A. Gollmer àti Samuel Àjàyí Crowther tó jọ padà gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì láti dúró. Àyè tí ó wà fún fífi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní 1842 kéré púpọ̀, ṣùgbọ́n àyè wà dáadáa fún kíkọ́ ilé ní 1845. Ọ̀nà tí ó bófin mu láti kọ́ ọ ni pé 1845 ni ilé náà parí, 1842 sì ni ọdún tí àkọlé tí ó wà lára rẹ̀ dá fún ìpìlẹ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí nípa Bíbélì. Wọ́n máa ń sọ pé inú ilé yìí ni Crowther ti túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Òótọ́ ni pé ó ń bá iṣẹ́ ìtumọ̀ lọ ní Àgbádárìgì, nítorí pé ikú Ṣódẹkẹ́ ní 1845 dí ọ̀nà Abẹ́òkúta mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ó kúrò ní Àgbádárìgì ní 1846, odidi Bíbélì kò sì jáde títí di 1884. Iṣẹ́ ogójì ọdún ni, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni ó sì kópa níbẹ̀. Bí wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ sínú yàrá kan, iṣẹ́ àwọn yòókù ni wọ́n gbé sọnù.

3. Erékùṣù Èkó: ariwo ọjà àti ìdákẹ́jẹ́ ìtàn

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń kó èrò láti Mile 2, ní ojú ọ̀nà Àgbádárìgì, dé Marina ní Erékùṣù Èkó. Ẹni tí ó bá bọ́ sílẹ̀ ní Marina yóò rí báńkì, ilé gogoro, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àti omi ọ̀sà. Ohun tí kò ní í rí ni òpó ìrántí òwò ẹrú tí ó tó ti Àgbádárìgì. Bẹ́ẹ̀, ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Èkó ni èbúté òwò ẹrú tí ó tóbi jù lọ ní apá etíkun yìí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò náà láàrin àwọn ará wọn ní 1807, síbẹ̀ ó tún gbilẹ̀ sí i ní Èkó lẹ́yìn náà, pàápàá nígbà tí Ọ̀yọ́ fọ́ tí ogun abẹ́lé ń kó ènìyàn lẹ́rú nílẹ̀ Yorùbá. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí àrọ́mọdọ́mọ wọn wà ní Bràsíìlì àti Cuba ni ó gba ẹnu omi Èkó kọjá.

Kí ni ó fa ìdákẹ́jẹ́ yìí? Ìdáhùn kan ni pé Èkó kò dúró lójú kan. Ilẹ̀ rẹ̀ wọ́n, wọ́n ń wó, wọ́n ń kọ́, àwọn ibi tí ọjà ẹrú àti àgọ́ ẹrú wà sì ti wọ abẹ́ ilé mìíràn. Ìdáhùn kejì ni pé àwọn tí orúkọ wọn wà lára òpópónà àti gbàgede jẹ́ ẹni ńlá tí ọ̀wọ̀ wọn kò dín kù. Gbàgede Tinúbú jẹ́ àpẹẹrẹ. Ẹfúnróyè Tinúbú jẹ́ oníṣòwò tábà, iyọ̀ àti ẹrú, ó sì ní agbára tó bẹ́ẹ̀ tí aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi lé e kúrò ní Èkó ní 1856. Ó lọ sí Abẹ́òkúta, ó di Ìyálóde níbẹ̀, ó sì kú ní 1887. Obìnrin akíkanjú ni, ó kọjú ìjà sí agbára àjèjì, ó sì ta ènìyàn. Gbogbo rẹ̀ ni ó jẹ́ òótọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òpìtàn tí ó bá sọ apá kan tí ó fi apá kejì sílẹ̀ kò yàtọ̀ sí i.

Ìga Ìdúngànrán, ààfin Ọba Èkó ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wà lórí ilẹ̀ tí ìtàn sọ pé oko ata Arómirẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti rọrùn láti ṣàlàyé ìjà oyè tí ó yí Èkó padà. Ní 1845, Kòsọ́kọ́ lé Ọba Akítóyè tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀ kúrò lórí oyè. Akítóyè sá lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí Àgbádárìgì. Níbẹ̀ ni ó ti bá àwọn míṣọ́nnárì àti aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀, tí ó ṣe ìlérí pé òun yóò fi òpin sí òwò ẹrú bí wọ́n bá dá òun padà. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọlu Èkó ní oṣù Bélú 1851, wọ́n kò sì rí i ṣe. Wọ́n padà wá ní òpin oṣù Ọ̀pẹ, wọ́n yin ìbọn títí iná fi jó apá púpọ̀ nínú ìlú, Kòsọ́kọ́ sì sá lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1852, Akítóyè fọwọ́ sí àdéhùn. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Ògún 1861, ọmọ rẹ̀, Ọba Dòsùnmú, fọwọ́ sí ìwé tí ó gbé Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ ogun wà lórí omi níwájú ìlú.

Àwọn òpìtàn kò fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí ó sún Gẹ̀ẹ́sì ṣe èyí. Àlàyé tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ni pé òwò ẹrú ni àwọn fẹ́ pa run. Nínú àpilẹ̀kọ tí J. F. Adé Àjàyí kọ ní 1961, ó tún àlàyé yìí gbé yẹ̀ wò, ó sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ òwò àti agbára kò ṣeé yọ kúrò níbẹ̀. Epo pupa ni ọjà tuntun, Èkó sì ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Olùkọ́ kò ní láti yan ọ̀kan kí ó sì ju èkejì nù. Ohun tí ó yẹ kí ó ṣe ni kí ó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí i pé òwò ẹrú dópin ní Èkó lóòótọ́, òmìnira Èkó sì bá a lọ.

4. Pópó Àgùdà: ilé tí ó kù àti ilé tí ó wó

Lẹ́yìn 1851 ni àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí Èkó ní pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀. Àwọn Sàró ti Sierra Leone wá, àwọn Àgùdà sì ti Bràsíìlì àti Cuba wá. Iṣẹ́ ọwọ́ ni púpọ̀ nínú àwọn Àgùdà kó bọ̀: káfíńtà, bíríkìlà, aránṣọ. Adúgbò wọn ní Pópó Àgùdà àti Kámpọ́ọ̀sì ni ó dára jù lọ láti fi ẹsẹ̀ rìn ní Erékùṣù Èkó fún ẹni tí ó fẹ́ wo ilé. Àmì iṣẹ́ wọn ni fèrèsé olóríi kìrìkìtì, ọnà òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe, àti ẹnu ọ̀nà tí òpó yí ká.

Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, fi bí ìlú náà ṣe gba gbogbo ènìyàn mọ́ra hàn. Mohammed Shitta, oníṣòwò tí wọ́n bí ní Sierra Leone, ni ó fi owó rẹ̀ kọ́ ọ. João Baptista da Costa, tí ó jẹ́ Àgùdà, ni ọ̀gá àwọn tí ó kọ́ ọ. Súlútánì ilẹ̀ Ottoman sì fi oyè Bey ránṣẹ́ sí Shitta nígbà ìṣílé náà. Sàró Mùsùlùmí, ọnà Bràsíìlì, oyè láti ilẹ̀ Tọ́kì: ilé kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ pàdé sí. Ní òpópónà Kakawá, ilé João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lọ sí Bràsíìlì ní kékeré, wà níbẹ̀ láti 1885. Omi kànga tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ni ó sọ ọ́ ní orúkọ tí gbogbo ènìyàn fi mọ̀ ọ́n, ìyẹn Water House. Orúkọ náà dé Bràsíìlì padà nígbà tí Antonio Olinto, òǹkọ̀wé ará ibẹ̀, fi sọ ìwé ìtàn-àròsọ rẹ̀, A Casa da Água, tí ó jáde ní 1969.

Ilé kan wà tí àlejò kò lè rí mọ́. Ìlọ́jọ́ Bar, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní nǹkan bí 1855 lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gbàgede Tinúbú, wà lára àwọn ilé Àgùdà tí ó pẹ́ jù lọ. Wọ́n kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956. Ó bọ́ sábẹ́ ààbò òfin, ó sì wà níbẹ̀ fún ọgọ́ta ọdún. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi wó o. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé òfin nìkan kò lè pa ilé mọ́ bí àwọn tí ó ń kọjá níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́ kò bá mọ ohun tí ó jẹ́. Ẹni tí ó yẹ kí ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni olùkọ́.

Àpẹẹrẹ rere náà wà. Ọgbà Òmìnira, tí wọ́n ń pè ní Freedom Park, jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street láyé ìjọba amúnisìn. Herbert Macaulay wà lára àwọn tí wọ́n tì mọ́ ibẹ̀. Wọ́n wó ẹ̀wọ̀n náà ní ìparí àwọn ọdún 1970, ṣùgbọ́n ní ọdún 2010 wọ́n sọ ilẹ̀ rẹ̀ di ọgbà ìgbafẹ́, wọ́n sì fi ipò àwọn yàrá ẹ̀wọ̀n náà hàn kí ìtàn má baà parẹ́. Ní Oníkan, Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Orílẹ̀-èdè tí Kenneth Murray dá sílẹ̀ wà níbẹ̀ láti 1957. Ọkọ̀ tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n pa á ní 1976 wà níbẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti rí. Nítòsí rẹ̀ ni gbọ̀ngàn àṣà àti ìtàn Yorùbá tí wọ́n fi orúkọ Dókítà J. K. Randle sọ, ẹni tí ó kọ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ fún àwọn ará Èkó síbẹ̀ ní 1928.

Ẹni tí ó bá ní oríire láti dé Èkó nígbà ọdún Èyọ̀ yóò rí ìtàn tí ó ń rìn. Ayẹyẹ Adámú Òrìṣà, tí ìtàn sọ pé wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Èkó ní oṣù Èrèlé 1854, jẹ́ ẹ̀yẹ fún òkú ẹni ńlá. Aṣọ funfun, akẹtẹ̀ àti ọ̀pámbàtà ni a fi ń mọ Èyọ̀. Àwọ̀ akẹtẹ̀ sì ni ó ń fi ìga tí oníkálukú ti wá hàn. Èèwọ̀ wà fún òǹwòran pẹ̀lú: kò gbọdọ̀ wọ sálúbàtà, kò gbọdọ̀ dirun ṣùkú, kò gbọdọ̀ mu sìgá lójú agbo. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá pa èèwọ̀ wọ̀nyí mọ́ ti kọ́ bí a ṣe ń wọ ìlú onílùú.

5. Òkun, iyanrìn àti Ẹ̀pẹ́

Etí òkun pẹ̀lú ní ìtàn. Láyé àtijọ́, òkìtì iyanrìn tí ó wà ní ẹnu omi Èkó kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Láàrin 1907 sí 1912 ni ìjọba amúnisìn fi òkúta mọ ògiri wọ inú òkun kí ẹnu omi náà lè jìn. Ọkọ̀ ńlá wọlé, Èkó sì borí gbogbo èbúté yòókù. Ṣùgbọ́n ìwọ̀-oòrùn ni omi òkun ti ń gbé iyanrìn lọ sí ìlà-oòrùn ní etíkun yìí. Ògiri náà dá iyanrìn dúró sí apá kan, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ ní apá kejì, níbi tí Bar Beach wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń da iyanrìn síbẹ̀ tí òkun sì ń kó o lọ. Etí òkun náà tí ọ̀pọ̀ àgbà lónìí ti ṣeré ní kékeré ti wọ abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fi iyanrìn tẹ́ fún Eko Atlantic. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ilẹ̀ náà ṣe rí kí ilé tó bò ó lè lọ sí ọgbà ìtọ́jú ẹ̀dá ní Lẹ́kí. Hẹ́kítà 78 ni ó jẹ́, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1990, afárá tí wọ́n so mọ́ òkè igi níbẹ̀ sì gùn tó mítà 401. Ẹrẹ̀, igi àti ọ̀bọ ni àlejò yóò rí níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ̀dó sí etí ọ̀sà ti rí wọn.

Ẹ̀pẹ́ ni ìtàn náà ti parí. Ibẹ̀ ni Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sá lọ lẹ́yìn ìjà 1851. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1854, ó bá aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́ pé òun kò ní í bá Èkó jà mọ́ àti pé òun yóò jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Àyè sì gbà á láti máa ṣòwò ní Palma àti Lẹ́kí. Ní 1862 ó padà sí Èkó, ó sì kú síbẹ̀ ní 1872. Kì í ṣe gbogbo àwọn tí ó bá a lọ ni ó bá a padà. Àrọ́mọdọ́mọ wọn ni Èkó Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ títí di òní. Ọdún Káyòkáyò ni wọ́n fi ń ṣe ìrántí bíbọ̀ wọn. Àlejò tí ó bá lọ sí ọjà ẹja ní etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ yóò ra ẹja tútù, ṣùgbọ́n bí ó bá fetí sí ọ̀rọ̀ àwọn ará ibẹ̀, yóò gbọ́ pé ìlú kan ni ó ní ìran méjì, ó sì ní ìdí.

Ibi yìí ni ó hàn gbangba pé ìtàn kan ni ìlú mẹ́ta jọ ń sọ. Ọdún kan náà, 1845, ni ilé alájà Àgbádárìgì parí tí Akítóyè sì di ìsáǹsá. Àwọn míṣọ́nnárì tí ó kọ́ ilé náà wà lára àwọn tí ó gbè é lẹ́yìn. Ìjà tí ìbánisọ̀rọ̀ Àgbádárìgì bí ni ó jó Èkó, iná tí ó jó Èkó ni ó sì kó ènìyàn dé Ẹ̀pẹ́. Bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá lọ sí Àgbádárìgì nìkan, ìbẹ̀rẹ̀ ni ó gbọ́.

6. Lílo àwọn ibi wọ̀nyí fún ẹ̀kọ́

Ohun mẹ́rin ni ó yẹ kí olùkọ́ mú lọ sí ìrìn-àjò ẹ̀kọ́. Àkọ́kọ́ ni ìmúrasílẹ̀: kí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà tí ó ṣe pàtàkì kí wọ́n tó gbéra, kí wọ́n lè mọ̀ bí ohun tí wọ́n bá gbọ́ bá tako ohun tí wọ́n ti mọ̀. Èkejì ni ìbéèrè: ta ni ó kọ́ ilé yìí, nígbà wo, owó ta ni, ta ni kò sì sí nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ? Ẹ̀kẹta ni àkọsílẹ̀: kí akẹ́kọ̀ọ́ ya àwòrán ohun tí ó rí, kí ó kọ ọ̀rọ̀ afinimọ̀nà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ ọ́, kí ó sì fi í wé ọ̀rọ̀ tí ó wà lára ògiri àti èyí tí ó wà nínú ìwé. Ẹ̀kẹrin ni ọ̀wọ̀. Afinimọ̀nà kì í ṣe ọ̀tá òpìtàn. Yorùbá ní bí a kò bá bá ìtàn, a ó bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Kànga Gbẹ́rẹ̀fú lè má ní àkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sọ ohun tí àwọn ará ìlú gbà pé ó ṣẹlẹ̀ sí ọkàn àwọn tí wọ́n kó lọ. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ láti gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí àrọ́bá, kí ó má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò lówó ọkọ̀ kò ṣàìní ìtàn. Ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ni ó ní ilé alájà àtijọ́, ọjà tí ó ti pẹ́, tàbí òpópónà tí a fi orúkọ ẹnìkan sọ. Ìbéèrè mẹ́rin òkè yìí wúlò níbẹ̀ bí wọ́n ṣe wúlò ní Pópó Àgùdà.

7. Àgbálọgbábọ̀

Àyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé ohun tí ó wà ní etíkun Èkó ju ìgbafẹ́ lọ. Àgbádárìgì ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, nígbà mìíràn ju bí ẹ̀rí ti gbà lọ. Èkó ń dákẹ́ lórí ohun tí ó yẹ kí ó sọ. Ẹ̀pẹ́ ní ìparí ìtàn náà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àlejò díẹ̀ ni ó ń béèrè. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti dín àsọdùn kù níbi tí ó ti pọ̀, kí ó sì la ẹnu níbi tí wọ́n ti dákẹ́.

Ìlọ́jọ́ Bar kò lè dìde mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọn yóò di aláṣẹ, ayàwòrán ilé, onílé àti agbaṣẹ́ṣe lọ́la wà nínú kíláàsì lónìí. Bí wọ́n bá ti fi ọwọ́ kan ògiri Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n sì mọ ẹni tí ó rẹ́ ẹ, yóò ṣòro fún wọn láti dákẹ́ bí katapílà bá dé. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ; ìlú tí ó wà láàrin òkun àti ọ̀sà kò sì gbọdọ̀ gbẹ.